Eré Tí Kì Í Ṣe Eré: Bí Ọmọlangidi àti Géèmù Orí Fóònù Ṣe Ń Kọ́ Ọwọ́ Láti Gba Ẹ̀mí Là



Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń kọ sójú ewé ìlera àti ìmọ́tótó yìí ni ẹ ti gbọ́ rí. Ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí a fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Ẹ mọ̀ pé ọmọ tó bá ń yàgbẹ́ gbuuru gbọ́dọ̀ mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ mọ̀ pé aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ jókòó sílé. Síbẹ̀, nígbà tí ọ̀ràn bá dé lóru, tí iná ti lọ, tí ọmọ ń ké, tí ìyá ọkọ ń sọ tirẹ̀, tí bàbá ọmọ ń wá kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà, ohun tí etí ti gbọ́ nígbà mẹ́wàá a máa fò lọ lórí ẹni. Ṣíbí ṣúgà mélòó ni? Báwo ni omi náà ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó? Ta ni kí a kọ́kọ́ pè?

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó máa ń rí fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera. Nọ́ọ̀sì lè gba máàkì tó ga jù nínú ìdánwò, kí ọwọ́ rẹ̀ sì máa gbọ̀n níwájú ìkókó tí kò mí, nítorí pé ó ti pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lójú rẹ̀ gbẹ̀yìn. Orí mọ̀ ọ́n, ọwọ́ ti gbàgbé. Lóṣù yìí, a fẹ́ bá yín jíròrò lórí ọ̀nà kan tí ayé ń gbà mú kí ọwọ́ mọ ohun tí orí ti mọ̀. Ìdánrawò ni. A ń fi ọmọlangidi ṣe é, ó sì ti wọ inú fóònù báyìí gẹ́gẹ́ bí géèmù ẹ̀kọ́.

Ìdánrawò kì í ṣe àjèjì sí wa

Ìdánrawò ni kí a ṣe àfarawé ohun tó le níbi tí àṣìṣe kò ti ní pa ẹnikẹ́ni lára, kí a sì máa tún un ṣe títí yóò fi mọ́ wa lára. Ẹni tó bá ti múra Hájì rí mọ̀ ọ́n. Kí àwọn arìnrìn-àjò tó wọ bàálù, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ Hájì ní orílẹ̀-èdè yìí a máa gbé àfarawé Káábà kalẹ̀ ní ibùdó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Wọn a ní kí àwọn èrò yí i ká lẹ́ẹ̀meje, wọn a sì fi bí a ṣe ń rìn láàrin Sọfá àti Máríwà hàn wọ́n. Kò sí ẹni tó rò pé Hájì gan-an ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà tí kò rin ìrìn-àjò kọjá Òṣogbo rí yóò dé Mẹ́kà, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti mọ ohun tó kàn.

Ọmọ ilé kéú náà mọ̀ ọ́n. Àáfáà kì í ka àlùwàlá sí ọmọdé létí lásán. Ó ń gbé bútà omi fún un ni, ó ń wò ó bí ó ti ń ṣe é, ó ń tọ́ ọ sọ́nà níbi tí omi kò dé, ó sì ń ní kí ó tún un ṣe. Nínú Hádíìsì tí Bùhárí àti Múslímù gbà wá, ọkùnrin kan wọ mọ́sálásí, ó kírun, ó sì wá kí Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a). Ànábì dá a padà pé kí ó lọ tún ìrun náà kí, nítorí pé kò tíì kí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dá a padà, títí ọkùnrin náà fi bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kọ́ òun. Ìgbà náà ni ó wá là á lọ́yẹ ní ipò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìfarabalẹ̀. Ẹ wo ètò yẹn dáadáa: ṣe é, gbọ́ ibi tó kù sí, tún un ṣe. Ètò yìí kan náà ni gbogbo ìdánrawò tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ dúró lé.

Lágbo iṣẹ́ òde òní, àwọn awakọ̀ òfurufú ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ńlá. Ní 1929, ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Edwin Link ṣe àpótí kan tó ń mì bíi bàálù, tí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ lè jókòó sí láìkúrò nílẹ̀. Lónìí, awakọ̀ tó gbé àwọn alálàájì wa lọ sí Jẹ́dà ti bá iná, ìjì àti ẹ́ńjìnnì tó kú pàdé lọ́pọ̀ ìgbà nínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, kí ó tó di ẹni tí a fi ẹ̀mí èèyàn lé lọ́wọ́. Ní ti ìlera, ọdún 1960 ni Asmund Laerdal, tó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé ní orílẹ̀-èdè Norway, gbé ọmọlangidi kan jáde tó tóbi bí àgbàlagbà. Ara rẹ̀ ni àwọn èèyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń fẹ́ atẹ́gùn sí ẹni tó dákú lẹ́nu àti bí a ṣe ń tẹ̀ ẹ́ láyà. Ẹni tó ń ṣe ohun ìṣeré ni ó fi ohun ìṣeré gba ẹ̀mí là.

Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo

Ẹ jẹ́ ká wá mú ọ̀rọ̀ náà wá sí ibi tó ti kan ilé kọ̀ọ̀kan, èyíinì ni ìkúnlẹ̀ abiyamọ. Ìwádìí ìjọba lórí ètò ìlera àwọn ìdílé ní 2018 fi hàn pé nínú 1,000 ọmọ tí a bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kò lo oṣù kan láyé. Àwọn kan jẹ́ ọmọ tí oṣù wọn kò pé, àìsàn kòkòrò ló mú àwọn mìíràn lọ, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọn kò rí èémí mí nígbà tí wọ́n wálé ayé. Nínú ọmọ mẹ́wàá tí a bá bí, ó tó ẹyọ kan tó nílò ìrànlọ́wọ́ díẹ̀ kí ó tó mí. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn nílò kò ju kí a fi aṣọ gbígbẹ nù wọ́n dáadáa, kí a mú wọn móoru, kí a sì fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn. Àwọn díẹ̀ nílò kí a fi báàgì atẹ́gùn kékeré àti ìbòjú rẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀dọ̀fóró wọn. Láàrin ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni èyí gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ìṣẹ́jú kan kò tó láti ṣí ìwé, kò sì tó láti pe ọ̀gá lórí fóònù. Àwọn àṣà àtijọ́ kan sì wà tó ń jẹ ìṣẹ́jú náà mọ́ni lọ́wọ́: kí a dorí ọmọ kodò, kí a gbá a nídìí kíkankíkan, kí a da omi tútù sí i lára. Àwọn àṣà wọ̀nyí ń pa ọmọ lára, kò sì sí ilé ẹ̀kọ́ ìlera tó ń kọ́ni bẹ́ẹ̀ mọ́.

Nítorí ìṣẹ́jú yìí ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ti Amẹ́ríkà àti àwọn alájọṣe wọn fi gbé ètò ẹ̀kọ́ kan jáde ní 2010, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Helping Babies Breathe, èyí tó túmọ̀ sí ríran ọmọ titun lọ́wọ́ láti mí. Ibi tí kò sí ẹ̀rọ ńlá ni wọ́n ṣe é fún. Ọmọlangidi kan wà nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ NeoNatalie. Omi ni a ń rọ sínú rẹ̀, tí yóò fi wúwo lọ́wọ́ bí ìkókó gan-an, tí ọrùn rẹ̀ yóò sì rọ̀ bíi ti ìkókó. Olùkọ́ di rọ́bà kékeré kan mú tó ń tẹ̀. Ó lè mú kí ọmọ náà ké, ó lè mú kí àyà rẹ̀ máa lọ sókè sódò, ó lè mú kí ìwọ́ rẹ̀ máa sọ, ó sì lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò nù ún, yóò ra á lẹ́yìn, yóò gbé ìbòjú sí i lẹ́nu àti nímú, yóò sì fún báàgì. Bí ìbòjú kò bá dè dáadáa, àyà kò ní gbéra, akẹ́kọ̀ọ́ yóò sì rí i lójú ẹsẹ̀ pé òun ṣì í. Yóò tún un gbé.

Ọmọlangidi mìíràn wà tó ń jẹ́ MamaNatalie, tí olùkọ́ ń so mọ́ra bí aboyún. Ohun tó dà bí ẹ̀jẹ̀ ń dà láti inú rẹ̀ lẹ́yìn tí ọmọ bá ti jáde, kí àwọn agbẹ̀bí lè kọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró. Ẹ̀yin ìyá wa yóò rí àǹfààní mìíràn níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti fi ọmọlangidi kọ́ iṣẹ́ kò ní fi ìhòòhò obìnrin kọ́ ohun tó yẹ kí ó ti mọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdánrawò ń bo ìtìjú ọmọ ẹlòmíràn.

Ohun tí Tàǹsáníà kọ́ wa

Ní ilé ìwòsàn mẹ́jọ ní Tàǹsáníà, a tẹ̀lé ètò ẹ̀kọ́ yìí láti mọ̀ bóyá ó ń gba ẹ̀mí là lóòótọ́. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2013: iye ìkókó tó ń kú láàrin wákàtí 24 àkọ́kọ́ fi ìdá 47 nínú 100 dín kù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì.

Ṣùgbọ́n apá kejì ìtàn náà ni a fẹ́ kí ẹ dì mú. Ní ilé ìwòsàn kan ní Haydom, ní àríwá orílẹ̀-èdè náà, wọ́n fi ọjọ́ kan péré dá àwọn òṣìṣẹ́ lẹ́kọ̀ọ́. Nígbà tí wọ́n tún dán wọn wò lára ọmọlangidi lẹ́yìn oṣù mélòó kan, wọ́n ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n wo ohun tí ọwọ́ kan náà ń ṣe nínú yàrá ìgbẹ̀bí lára àwọn ọmọ gidi, kò sí ìyàtọ̀ kan tó ṣe gúnmọ́. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò bá wọn dé ibi tí iṣẹ́ wà.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Wọ́n gbé ọmọlangidi náà sí ẹ̀gbẹ́ yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Kò sí ìrìn-àjò, kò sí hòtẹ́ẹ̀lì, kò sí owó ìjókòó. Nígbà tí wọ́n tún ka iye rẹ̀, ikú wákàtí 24 àkọ́kọ́ ti lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 11 nínú 1,000 ọmọ sí nǹkan bí 7. Ìṣẹ́jú mélòó kan lọ́sẹ̀ ṣe ohun tí odidi ọjọ́ kan kò lè ṣe.

Ẹni tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ kò ní ya ẹnu sí èyí. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi kọ́ wa pé iṣẹ́ tí a ń ṣe déédé, bí ó tilẹ̀ kéré, ni ó wu Ọlọ́hun jù. Ẹni tó ń ka ojú ewé kan nínú Alùkùránì lójoojúmọ́ yóò há a ju ẹni tó ń kà á láti òwúrọ̀ di alẹ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún.

Nígbà tí ó wọ inú fóònù

Bí ó bá jẹ́ pé ìṣẹ́jú díẹ̀ díẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà ni oògùn rẹ̀, kí ni ohun tó wà lọ́wọ́ gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera ní gbogbo ìgbà? Fóònù ni. Ìyẹn ló mú kí àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìdánrawò sórí rẹ̀.

Ọ̀kan nínú wọn ni géèmù tó ń jẹ́ LIFE, tí àwọn ti Yunifásítì Oxford àti àwọn olùwádìí ìlera ní Kẹ́ńyà jọ ṣe. Ẹni tó ń ta á yóò rí ara rẹ̀ nínú ilé ìwòsàn. Ọmọ kan wà lórí tábìlì, kò mí, aago sì ń sáré. Kí ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe? Èwo ni ẹ ó mú nínú àwọn irinṣẹ́ tó wà nílẹ̀? Níbo ni kí orí ọmọ wà? Bí ẹni náà bá ṣì í mú, géèmù yóò sọ ìdí tí kò fi rí bẹ́ẹ̀, yóò sì dá a padà síbẹ̀. Kò sí ẹni tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, kò sí ọmọ tó kú. Àwọn àgbà wí pé ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Nínú géèmù, èèyàn lè jìn sí kòtò náà nígbà ogún, kí ó sì fi kọ́ ara rẹ̀.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Èkó. Dókítà Rachel Umoren ti Yunifásítì Washington ní Amẹ́ríkà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Chinyere Ezeaka ti ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, dán ìrú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ wò láàrin 274 nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ní Èkó àti ní Busia, ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà. Wọ́n kọ́kọ́ fi ọmọlangidi kọ́ gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta láti máa rán ara wọn létí fún oṣù mẹ́fà. Àwọn kan ń lo awò ńlá tí a ń ki fóònù bọ̀, tí ẹni tó bá gbé e sójú yóò máa rí yàrá ìgbẹ̀bí níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé ó wà níbẹ̀. Àwọn kan ń wo fídíò, àwọn yòókù sì ń ka ìlànà lórí fóònù. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tí wọ́n gbé awò yẹn fún kí ó tó kọ́kọ́ fi ọwọ́ di ọmọlangidi mú. Ọwọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Fóònù ń bá ọwọ́ rántí rẹ̀ ni.

Ọ̀kan tún wà tó ń jẹ́ Safe Delivery App, tí àwọn ará Denmark bẹ̀rẹ̀ ní 2012. Ọ̀fẹ́ ni. Àwòrán tó ń rìn wà nínú rẹ̀ lórí bí a ṣe ń gbẹ̀bí, bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, bí a ṣe ń dènà kòkòrò àrùn, pẹ̀lú ìbéèrè tí a fi ń dán ara ẹni wò. Nígbà tí wọ́n dán an wò ní Ethiopia, ìmọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ tó lò ó gbéra sókè; 2016 ni àbájáde rẹ̀ jáde. Ohun tó dára jù nínú rẹ̀ fún irú agbègbè tiwa ni pé bí a bá ti gbà á sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kò nílò dátà mọ́ kí a tó lò ó.

Kí ló kàn wá ní Ìlá?

Ní ilé ìwòsàn ńlá ní Èkó tàbí Ìbàdàn, ó lè má ju ọjọ́ díẹ̀ lọ kí agbẹ̀bí tó tún rí ìkókó tí kò mí. Iṣẹ́ ojoojúmọ́ rẹ̀ ń pọ́n ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wá wo ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé ní ìletò kan lẹ́yìn Òkè-Ìlá tàbí ní apá Ọ̀rà. Ọmọ díẹ̀ ni a ń bí níbẹ̀ lóṣù. Oṣù púpọ̀ lè kọjá kí irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ tó wáyé, ọbẹ tí a kò lò a sì máa dípẹtà. Ọjọ́ tó bá wá ṣẹlẹ̀, agbẹ̀bí kan ṣoṣo ni ó wà níbẹ̀, ọ̀nà Òṣogbo sì jìn fún ọmọ tó ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tí iṣẹ́ kò pọ̀ gan-an ni ìdánrawò ti pọn dandan jù.

Ìjọba àpapọ̀ ti gbé Yunifásítì Ìmọ̀ Ìlera sí Ìlá-Ọ̀ràngún, àwọn ọmọ wa sì ń lọ kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí káàkiri. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ yín tó ń fún ọmọlangidi ní èémí nínú yàrá, tàbí tó tẹjú mọ́ géèmù ilé ìwòsàn lórí fóònù, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe kí ẹ tó sọ pé ó ń fàkókò ṣòfò. Ó lè jẹ́ iṣẹ́ tó ń bọ̀ wá gba ọmọ-ọmọ yín là ni ó ń kọ́.

Àwọn kan yóò bèèrè pé ṣé ọmọlangidi kì í ṣe ère tí ẹ̀sìn kọ̀. Nínú Hádíìsì tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, ìyá wa Áíṣà (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) ní ọmọlangidi tó fi ń ṣeré nígbà èwe rẹ̀ nínú ilé Ànábì, Ànábì kò sì kọ̀ ọ́ fún un. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ti fi èyí ṣe ẹ̀rí pé èyí tí a fi ń ṣeré tàbí tí a fi ń kọ́ ẹ̀kọ́ kò sí lára ère tí a ń bọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá tíì balẹ̀, kí ó bi àáfáà rẹ̀.

Ibi tí agbára géèmù mọ

A kò ní tan yín. Fóònù kò lè kọ́ ọwọ́ ní ìwúwo ọmọ, kò sì lè kọ́ ọ bí ìbòjú ṣe ń dè mọ́ ojú tó ṣì tutù. Ẹni tó bá ta géèmù yege kò tíì di agbẹ̀bí. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ torí pé áàpù wà lórí fóònù rẹ̀ kí ó dá ìyàwó rẹ̀ dúró sílé láti bímọ. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo géèmù tó bá pe ara rẹ̀ ní ti ìlera ni ó ṣeé gbà. Ẹ bèèrè àwọn tó ṣe é. Bí kò bá sí yunifásítì, ilé ìwòsàn tàbí àjọ ìlera tí a mọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, tàbí tí ó ń ta oògùn fún yín láàrin eré, ẹ pa á tì. Ní ti àwọn ọmọ, géèmù tó dára jù lọ láyé kò gbọ́dọ̀ gba àsìkò ìrun tàbí oorun wọn.

Ìdánrawò mẹ́rin tí ẹ lè ṣe nílé

Ẹ kò nílò awò ńlá, ẹ kò sì nílò ọmọlangidi aláṣọ funfun. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, bóyá lẹ́yìn ìrun Íṣáì lálẹ́ Jímọ̀, kí ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣe ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí.

Àkọ́kọ́, omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Ẹ gbé ike mímọ́ kalẹ̀. Ẹ da omi ọlọ́rá méjì tó jẹ́ 50cl síbẹ̀, lítà kan ni méjèèjì. Ẹ bu ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà tí a gé lórí dọ́gba, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì kan náà. Ẹ rò ó pọ̀, kí ẹ sì tọ́ ọ wò: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ó lè ṣe ọmọ léṣe, nítorí náà ẹ má fojú díwọ̀n rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ tó ti tó ọdún méjìlá ṣe é láìsí ẹni tó ń sọ fún un. Bí ẹ bá rí ti páálí nílé oògùn, òun ni kí ẹ lò, kí ẹ sì bèèrè síǹkì pẹ̀lú rẹ̀. Èyí tí ẹ bá pò nílé kò gbọ́dọ̀ kọjá wákàtí 24.

Èkejì, ọwọ́ fífọ̀. Ẹ fi òróró díẹ̀ po èédú lílọ̀, ẹ fi pa ọwọ́ àwọn ọmọ, iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ ní kí wọ́n di ojú, kí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ bí wọ́n ti máa ń fọ̀ ọ́. Kí wọ́n wá la ojú. Àtàǹpàkò, ẹ̀yìn ọwọ́ àti abẹ́ èékánná ni dúdú yóò ti kù. Ẹ tún un ṣe, kí ẹ máa kà á títí yóò fi tó nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Ọmọ tó bá ti rí èyí lẹ́ẹ̀kan, ẹ kò ní máa pariwo mọ́ ọn kí ó tó fọ ọwọ́.

Ẹ̀kẹta, ìrìn òru. Bí aboyún bá wà nílé, ẹ mú alẹ́ kan, kí ẹ ṣe bí ẹni pé ìrọbí ti dé. Níbo ni báàgì rẹ̀ wà? Owó ńkọ́? Nọ́ńbà ọlọ́kadà tàbí onímọ́tò tó ń gbé fóònù lóru ńkọ́? Ta ni yóò dúró ti àwọn ọmọ? Ta ni yóò fún ni láyè bí baálé kò bá sí nílé? Ẹ wo aago. Ibi tí ẹ bá ti dúró láti wá nǹkan, ibẹ̀ ni kí ẹ tún ṣe kí ọjọ́ gidi tó dé.

Ẹ̀kẹrin, eré àmì ewu. Ẹ kọ àmì kọ̀ọ̀kan sórí bébà kékeré. Ti aboyún: ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, gìrì, orí fífọ́ líle tí ojú ń ṣú, ibà, ọmọ inú tí kò mira mọ́. Ti ìkókó: kò mu ọyàn, ó ń mí kíákíá, ara rẹ̀ gbóná tàbí ó tutù jù, ojú rẹ̀ pọ́n bí àtàlẹ̀, gìrì. Ẹ fi àwọn àmì tí kò léwu kún un, bí òsúkè tàbí sísín. Kí ẹnì kan máa fà á, kí àwọn yòókù dáhùn: “Ó di ilé ìwòsàn” tàbí “A ń wò ó nílé.” Ẹni tó bá ṣì í, ẹ ṣàlàyé fún un, kí ó tún fà á.

Ìbéèrè mẹ́ta, àti sàráà kan

Nígbà tí ẹ bá lọ forúkọ oyún sílẹ̀, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi ìyá nọ́ọ̀sì léèrè: “Ẹ jọ̀wọ́ mà, ṣé báàgì atẹ́gùn ìkókó wà níbí? Ìgbà wo ni ẹ ṣe ìdánrawò rẹ̀ gbẹ̀yìn? Bí ọ̀rọ̀ bá ju agbára yín lọ, ibo ni ẹ ó gbé wa lọ?” Òṣìṣẹ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí. Bí ó bá ní kò sí ọmọlangidi tí àwọn fi ń dánra wò, ẹ má ṣe bá a jà. Òun kọ́ ló ń ra irinṣẹ́ fún ilé ìwòsàn.

Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Àsàlátù, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àti àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ti lè wọlé. A ń kó owó jọ fún ẹní mọ́sálásí, a ń kó o jọ fún kànga, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ọmọlangidi kan àti báàgì atẹ́gùn kan tí a gbé fún ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, pẹ̀lú àdéhùn pé wọ́n ó máa fi dánra wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, sàráà tí kì í tán ni. Gbogbo ọmọ tó bá tipa rẹ̀ mí, tó dàgbà, tó forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́hun, ẹ̀san rẹ̀ kò ní ṣàì dé ọ̀dọ̀ ẹni tó rà á.

Kí Ọlọ́hun Ọba bá wa dá àwọn ìyá àti ìkókó wa sí, kí ó fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wa ní ọwọ́ tí kò ní gbọ̀n lọ́jọ́ tí a bá nílò rẹ̀. Àmín.